Ajẹ́lẹ̀ Lọ, Ajẹ́lẹ̀ Dé: Bí Àjèjì Ṣe Wọ Inú Ogun Àwọn Bàbá Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa

Àwọn olórí Ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìtàn, wọ́n sì fún wa láàyè láti yan èyí tí ó bá wù wá. Ọ̀rọ̀ tí a yàn kì í ṣe èyí tí ó dùn létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí náà a kọ́kọ́ tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kí ó má ra á lọ́wọ́. Bí a bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kí ẹ fà wá létí.

Ohun méjì ni ó bí ọ̀rọ̀ yìí. Ní sáà tí ó kọjá, a ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ìtàn bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, “Tíṣà, ṣé wọ́n jà wọlé ni, àbí ẹnìkan ni ó pè wọ́n?” Gbólóhùn kan péré ni ó wà nínú ìwé tí a ń lò: pé àwọn òyìnbó wá parí ogun láàárín àwọn Yorùbá. A dáhùn bí ìwé ti wí, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tẹ́ àwa fúnra wa lọ́rùn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, a bá àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan lábẹ́ igi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí ìṣòro orílẹ̀-èdè yìí, ajínigbé, owó oúnjẹ, ọ̀nà tí kò ṣeé rìn. Ọ̀kan nínú wọn ní kí àwọn òyìnbó kúkú padà wá bá wa tún ilé wa ṣe. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó já a níyàn. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn àti ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́kùnrin yìí pàdé lọ́kàn wa, a sì padà sí ìdí ìwé.

Ìwé tí a kà jù ni ìwé ńlá ti Àlùfáà Samuel Johnson, èyí tí ó parí ní 1897 tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1921. Olùkọ́ ni òun náà. Ìbàdàn ni ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó di àlùfáà, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ń gbé lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọba dé ọ̀dọ̀ Gómìnà nígbà ogun. Kí ẹni tí yóò kà á rántí pé ojú Ọ̀yọ́ ni ó fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan. Ohun tí a rí ni pé ìpè wà, ìjà sì wà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí a pè kò wá ní ọjọ́ tí a pè é. Ọjọ́ tí ó wù ú ni ó wá, nítorí ohun tí òun ń wá, ẹnu ọ̀nà tí àwa fi ọwọ́ ara wa ṣí ni ó sì gbà wọlé.

Kí a tó dé orí Kírìjì, a ní láti kọ́kọ́ ya Èkó, nítorí ibẹ̀ ni ìbọn àti ẹ̀tù ti ń wá. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè kúrò lórí oyè. Akítóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì ti ibẹ̀ dé Àgbádárìgì, níbi tí ó ti ń bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n dá òun padà sórí ìtẹ́ àwọn bàbá òun, òun yóò sì fòpin sí òwò ẹrú. Òwò burúkú ni òwò ẹrú, a kò sẹ́, pípa á run sì jẹ́ iṣẹ́ rere. Ṣùgbọ́n epo pupa àti ọ̀nà tí ó wọ àárín ilẹ̀ wà lọ́kàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ní oṣù kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun wọn yìnbọn lu Èkó, Kòsọ́kọ́ sá, Akítóyè sì padà sórí oyè. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 1861, Dòsùnmú ọmọ Akítóyè fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọkọ̀ ogun ti dúró lójú ọ̀sà. Ẹni tí ó gbé bàbá padà sórí oyè ni ó gba ìlú lọ́wọ́ ọmọ.

Kí ni àwa ń ṣe nílé ní ọdún 1861 yẹn? Ogun Ìjàyè ni a ń jà. Ìjàyè tí a ń wí yìí kò jìnnà sí wa, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé ni ó wà lónìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó sì ti ná ọjà ibẹ̀. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù ọmọ rẹ̀ jọba. Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kọ̀, ó ní Àrẹ̀mọ kì í jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ìbàdàn dúró lẹ́yìn Adélù. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1860, àwọn Ẹ̀gbá wá ran Ìjàyè lọ́wọ́, Ìjàyè sì fọ́ ní oṣù kẹta 1862, lẹ́yìn tí ebi ti pa á.

Nínú ogun yìí ni a ti kọ́kọ́ rí bí àlejò ṣe ń di ọmọ ilé. Henry Townsend, òyìnbó ìjọ C.M.S., ń gbé Abẹ́òkúta. Òun ni ó dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1859. David Hinderer, tí òun náà jẹ́ ti ìjọ kan náà, ń gbé Kúdẹtì ní Ìbàdàn pẹ̀lú aya rẹ̀. Ọlọ́run kan ni wọ́n ń wàásù, owó oṣù wọn sì ń ti ibì kan náà wá. Síbẹ̀ ẹjọ́ Ẹ̀gbá ni ó tọ́ lójú Townsend, ẹjọ́ Ìbàdàn ni ó tọ́ lójú Hinderer. A kò bá wọn wí. Ẹni tí ó bá ń jẹun nílé ẹni, tí ó ń gbọ́ ẹkún ilé náà lóru, ojú onílé ni yóò fi wo ìjà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà wọn ń dé Èkó, ó sì ń dé London, àwọn tí kò mọ Ìjàyè yàtọ̀ sí Ìjẹ̀bú sì ń ti inú rẹ̀ mọ ẹni tí wọn yóò kà sí ọ̀tá. Nígbà tí Ìjàyè fọ́, ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó ìjọ náà tí ó wà nínú ìlú bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, wọ́n sì mú un wá sílé ní ìgbèkùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá di ọ̀rọ̀ tí Èkó ní láti dá sí. Bẹ́ẹ̀ ni ogun ṣe ń sọ àlejò di ìdí fún àlejò mìíràn láti wá.

Ogun Ìjàyè parí, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò là. Àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú nítorí pé Ìkòròdú ń bá Ìbàdàn ṣòwò. Ní oṣù kẹta 1865, Glover tí ó ń ṣàkóso Èkó rán ọmọ ogun tí ó lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò níbẹ̀. Inú àwọn bàbá wa kò lè ṣàì dùn sí i: àjèjì lu ọ̀tá wọn, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn. Ìgbà tí ọwọ́ àjèjì bá ń ba ẹlòmíràn ni ó máa ń rọrùn láti gbóríyìn fún un.

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn Kírìjì láti ẹnu àwa ará Ìbàdàn nìkan yóò rò pé ìlara ni ó mú àwọn ìlú kóra jọ sí wa. Òtítọ́ ni pé lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé ti fọ́, Ìbàdàn ni ó dá àwọn Fúlàní Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, kò sì sí ẹni tí ó lè gba iyì yẹn lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, Ìbàdàn ń ṣẹ́gun ìlú Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti Àkókó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ fún olóyè tí ó rán wọn, wọ́n sì ń gba ti ara wọn kún un. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn a máa wọ oko olóko, wọ́n a máa mú ẹran ẹlẹ́ran, àwọn mìíràn nínú wọn kì í sì í bọ̀wọ̀ fún aya aláya. Àwọn tí a kó lójú ogun ńkọ́? A tà nínú wọn. A sì fi ọ̀pọ̀ nínú wọn sí oko àwọn olóyè yí ìlú ká, níbi tí wọ́n ti ń gbin iṣu àti àgbàdo tí àwọn jagunjagun ń jẹ. Àwọn oko wọ̀nyẹn ni ó di púpọ̀ nínú abúlé wa láti Akínyẹlé dé Lágelú, láti Ẹgbẹ́dá dé Ọ̀nà-Àrà. Àṣà wa kò gbà kí a máa tọ́ka sí ìdí ẹnikẹ́ni, àṣà rere sì ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá ń fi Èkìtì ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín wa kọ́kọ́ bi ìyá ìyá rẹ̀ léèrè oríkì rẹ̀.

Ní 1877, Ààrẹ Látòsísà ni olórí Ìbàdàn. Ẹ̀tù ni ó dá ìjà sílẹ̀. Àwọn ènìyàn Ìbàdàn lọ rà á wá láti Àjàṣẹ́ létí òkun, àwọn Ẹ̀gbá sì dá wọn lọ́nà. Látòsísà gbógun tì wọ́n. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà Èkó pa mọ́ Ìbàdàn. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí kò lè fara da ìwà ajẹ́lẹ̀ mọ́, ó pa ajẹ́lẹ̀ náà àti àwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Ìbàdàn sì dìde tẹ̀ lé e. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kóra jọ di Èkìtìparapọ̀, Ìlọrin dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìbàdàn borí ní Ìkìrun ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún náà, nínú ogun tí a ń pè ní Jálumi. Ṣùgbọ́n láti 1880, nígbà tí Ògèdèǹgbé ti Iléṣà di olórí ogun Èkìtìparapọ̀, apá méjèèjì dó ti ara wọn láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ibùdó náà di ìlú. Wọ́n kọ́lé, wọ́n dáko, wọ́n bímọ síbẹ̀. Nígbà tí Ifẹ̀ náà dìde sí wa, Ìbàdàn wá ń ja ogun ojú márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà.

Orúkọ ogun náà tó láti jẹ́ ẹ̀rí fún ohun tí a ń sọ. “Kírìjì” ni ìró ìbọn ńlá tí ń dún láàárín òkè. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ṣakabùlà ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn gbé lọ́wọ́, ìbọn tí a ń rọ ẹ̀tù sí láti ẹnu, tí ẹni tí ó yìn ín yóò sì dúró pẹ́ kí ó tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ń gbé Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Sàró tàbí ọmọ Sàró, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bí irú tiwa yìí ni, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dáwó, wọ́n kọ lẹ́tà sí Gómìnà, wọ́n sì ra ìbọn ìgbàlódé tí a ń ki ọta sí láti ìdí, Snider ni orúkọ ọ̀kan nínú rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Ọ̀nà Oǹdó, tí Glover fúnra rẹ̀ là ní 1872 kí ọjà lè máa gba ibẹ̀ wá sí Èkó, ni ìbọn náà gbà gòkè lọ. Ìbàdàn náà kò káwọ́ lẹ́rán. Nígbà tí àwọn Ìjẹ̀bú dẹwọ́ díẹ̀, Orù ni a ti ń pàdé wọn láti ra iyọ̀ àti ẹ̀tù, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn ni ó sì ń rìn pọ̀ lọ, pẹ̀lú ọmọ ogun níwájú àti lẹ́yìn.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Kò sí ilé arọ́bọ tí ó lè rọ Snider ní Iléṣà, ẹ̀tù tí Ìbàdàn ń yìn náà láti òkè òkun ni. Àwọn oníṣòwò òyìnbó tí ó wà ní Èkó, ará Gẹ̀ẹ́sì àti ará Jámánì, kò bínú sí Ìbàdàn, wọn kò sì fẹ́ràn Èkìtì. Ọjà ni wọ́n ń tà. Ohun tí ó bí wọn nínú ni pé ọ̀nà tí a tì pa kò jẹ́ kí epo àti òwú sọ̀ kalẹ̀ wá, bí epo kò bá sì wá, owó bodè tí ìjọba Èkó fi ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ yóò dín kù. Ọwọ́ kan ń ta ohun tí ń mú ogun pẹ́, ọwọ́ kejì ń kọ̀wé pé kí ìjọba wá pa ogun náà. A kò rò pé ètekéte ni. Olúkúlùkù ń ṣe òwò tirẹ̀ ni, ogun sì wà láàárín.

Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní kọ̀wé sí ìjọba Èkó, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì bá òun dá sí ogun yìí. Johnson tí a ti dárúkọ ni ó ń bá a gbé ọ̀rọ̀ náà. Ó rẹ Aláàfin: ọmọ ogun Ìbàdàn ń jà ní orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń pàṣẹ fún wọn. Ìpè nìyẹn, láti ẹnu ẹni tí ó ga jù tí ó lè pè. Kí ni London wí? Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní kí Gómìnà má ṣe kó ara rẹ̀ sínú ìjà àárín ilẹ̀, owó ni yóò ná wọn. Ọdún kan kọjá, èkejì kọjá. Látòsísà kú sí ibùdó ní 1885. Àwọn ọmọ tí a bí sí ibùdó ti ń kọ́ bí a ti ń yìnbọn.

Ní 1886, Gómìnà Moloney rán Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips sí ibùdó méjèèjì. Ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì, kì í ṣe òyìnbó, a sì máa ń bínú pé a kì í dárúkọ wọn tó fún àwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn láti ọ̀dọ̀ ọba kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn. Àdéhùn náà sọ pé Èkìtìparapọ̀ gba òmìnira wọn lọ́wọ́ Ìbàdàn; Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ yóò wà lọ́dọ̀ Ìbàdàn; Modákẹ́kẹ́ yóò ṣí kúrò níbi tí ó wà. A fi ọwọ́ sí i ní ojú ogun ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886, a sì dáná sun ibùdó. Ṣùgbọ́n Modákẹ́kẹ́ kò ṣí, ogun Ìlọrin ní Ọ̀fà kò tán, àwọn jagunjagun kò sì lọ sílé pátápátá. Àdéhùn náà dára. Ohun tí kò ní ni ẹni tí gbogbo wa gbẹ́kẹ̀ lé láti mú un ṣẹ.

Ohun tí ó yí ọkàn Gẹ̀ẹ́sì padà kì í ṣe ẹkún wa, ará Faransé ni. Ní 1888, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Viard wá sí Abẹ́òkúta, ó sì bá àwọn olóyè Ẹ̀gbá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ìjọba Faransé kò tẹ́wọ́ gba ìwé náà, ṣùgbọ́n àyà Èkó ti já. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó sí ìlú wọn, wọ́n fa ilà láàárín ara wọn, Kétu bọ́ sí ọ̀hún, àwa bọ́ sí ìhín. A kò bi ẹnikẹ́ni nínú wa. Láti ìgbà náà ni ìjọba tí ó ti ní òun kò lówó láti fi parí ogun ti rí owó.

Ìjẹ̀bú ni ó kọ́kọ́ kàn. Wọ́n ní Ìjẹ̀bú fi ìwọ̀sí kan aṣojú Gómìnà, pé wọ́n sì ti ọ̀nà pa mọ́ onígbàgbọ́ àti oníṣòwò. Ní oṣù karùn-ún 1892, ogun Gẹ̀ẹ́sì pàdé ogun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n. Ìbọn Maxim tí ń yìn láìdákẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, ogun ọ̀pọ̀ ọdún kò sì bá wa ṣe irú rẹ̀ rí. Àwọn ọmọ Ìbàdàn kan wà lára àwọn tí ó bá Gẹ̀ẹ́sì rìn lọ síbẹ̀. Ẹ rántí Ìkòròdú tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn.

Lẹ́yìn Ìmágbọ̀n, kò sí ẹni tí ó tún ń jiyàn. Ní oṣù kìíní 1893, Gómìnà Carter kúrò ní Èkó, ó bá Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn, ó bá Ọ̀yọ́ ṣe é, ó dé Ìlọrin, ó sì mú kí àwọn ibùdó tí ó kù tú ká. Ìbàdàn ni ó pẹ́ jù kí ó tó gbà; àwọn olóyè ń fura, wọ́n sì ní ìdí láti fura. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ 1893 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i, nígbà Baálẹ̀ Fíjàbí. Kí ọdún náà tó parí, Kápítéènì Bower dé pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Haúsá láti máa gbé Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba.

Kí ni àwọn ará Ìbàdàn ń pe aṣojú ìjọba yìí? Ajẹ́lẹ̀. Wọn kò wá ọ̀rọ̀ tuntun fún un. Wọ́n wò ó, wọ́n sì mọ ohun tí ó jẹ́, nítorí pé irú rẹ̀ ni wọ́n ti ń rán jáde láti ọjọ́ pípẹ́. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ nítorí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí parí pẹ̀lú ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn.

Ajẹ́lẹ̀ tuntun yìí kò sì yan ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ní 1894, ó mú Ògèdèǹgbé, ẹni tí ó jà fún òmìnira Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ó sì rán an lọ sí ìgbèkùn ní Ìwó. Ní oṣù kọkànlá 1895, ó yìnbọn ńlá lu ìlú Ọ̀yọ́ nítorí aáwọ̀ tí ó wà láàárín òun àti Aláàfin. Aláàfin wo? Adéyẹmí kan náà tí ó kọ lẹ́tà ní 1881 ni. A ti ka ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ a máa ń gbé ìwé kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí a tó ṣí ojú ewé tí ó tẹ̀ lé e.

A kò ní purọ́ fún yín pé ibi nìkan ni ó ti inú rẹ̀ wá. Àwọn àgbà tí ó rí ìgbà náà máa ń sọ pé ènìyàn lè wá dá rìn lọ sóko láìgbé ìbọn. Àwọn jagunjagun tí kò níṣẹ́ mọ́ mú ọkọ́ àti àdá, àwọn ni ó sì gbin kókó sí igbó ìhà Ọ̀nà-Àrà, Ẹgbẹ́dá àti Lágelú. Ẹni tí ó bá ti sùn ní ibùdó fún ọdún púpọ̀ kò ní bèèrè ẹni tí ó ni ọ̀nà kí ó tó gba ọ̀nà lọ sílé. Ohun tí a ń sọ ni pé owó kókó náà, London ni a ti ń dá iye rẹ̀, àwọn tí ó gbìn ín kò sì ní ẹnu níbẹ̀.

Ẹ lè sọ pé ìgbà láéláé nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà níjókòó yìí tí wọ́n rí ogun abẹ́lé tiwa láti oṣù keje 1967 títí di oṣù kìíní 1970. Nàìjíríà fẹ́ ra ohun ìjà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà kò tà. Ó yíjú sí Rọ́ṣíà, bàálù ogun Rọ́ṣíà sì dé kí oṣù kejì ogun tó parí. Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé iṣẹ́ epo Shell-BP wà lọ́kàn rẹ̀, kò fẹ́ kí Rọ́ṣíà nìkan di ọ̀rẹ́ wa, ó ń ta ìbọn fún wa. Faransé gba ọ̀nà Gàbọ́ọ̀nù àti Ivory Coast ran Biafra lọ́wọ́. Tanzania, Gàbọ́ọ̀nù, Ivory Coast àti Zambia gbà ní 1968 pé orílẹ̀-èdè ni Biafra, Haiti sì gbà bẹ́ẹ̀ ní 1969. Ẹ fi orúkọ Èkó, Àjàṣẹ́ àti Orù rọ́pò orúkọ wọ̀nyí, ẹ ó sì rí ogun Kírìjì. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tí ti 1970 parí, àwa ọmọ ilé ni a jókòó parí rẹ̀ láàárín ara wa, kò sì sí àjèjì tí ó wá fi ajẹ́lẹ̀ sí wa lórí.

Àwa náà sì ti ṣe àjèjì rí. Ní 1980, Samuel Doe gba ìjọba Liberia, a sì pa Ààrẹ Tolbert. Ọmọ Tolbert tí ń jẹ́ Adolphus, tí a pa lẹ́yìn náà, ni ó fẹ́ ọmọ tí Houphouët-Boigny Ààrẹ Ivory Coast gbà tọ́. Ọ̀ràn àna kì í jẹrà. Nígbà tí Charles Taylor gbógun wọ Liberia ní òpin 1989, ilẹ̀ Ivory Coast ni ó gbà wọlé, Libya àti Burkina Faso sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà ìgbà náà jẹ́ ọ̀rẹ́ Doe. Ní oṣù kẹjọ 1990, ọmọ ogun ECOMOG, tí Nàìjíríà kó púpọ̀ jù nínú rẹ̀, gúnlẹ̀ sí Monrovia láti wá mú àlàáfíà wá. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, a mú Doe ní ibùdó ECOMOG gan-an, a sì pa á. Ogun náà kò parí pátápátá títí di 2003. A gbà pé àwọn ọmọ wa tí ó kú síbẹ̀ kú fún iṣẹ́ rere, a sì bá àwọn òbí wọn kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọmọ Liberia kan bóyá a pè wá ni, tàbí a jà wọlé ni, ìdáhùn tí yóò fún wa lè má yàtọ̀ sí èyí tí a wá ń fún ọmọbìnrin inú kíláàsì wa.

Ní sáà tí ń bọ̀, a ó padà sí ìbéèrè rẹ̀. A ó sọ fún un pé Akítóyè pe òyìnbó, Aláàfin sì pè é. Pé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Èkìtì ní Èkó kọ̀wé sí i, pé Ìbàdàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó lu Ẹ̀gbá. Pé Ìjẹ̀bú nìkan ni kò pè é ní tirẹ̀, òun sì ni ó kọ́kọ́ fi ìbọn Maxim gbà. A ó sọ fún un pẹ̀lú pé nígbà tí a pè é ní 1881 kò wá.

Ohun kan ni a fẹ́ bẹ Ẹgbẹ́ yìí kí a tó jókòó. Ní abúlé wa káàkiri, àwọn àgbà ṣì wà tí wọ́n mọ ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́rù gbà lọ sí ibùdó, tí wọ́n mọ oko olóyè tí abúlé kọ̀ọ̀kan jẹ́ rí, tí wọ́n sì mọ oríkì tí ó tọ́ka sí ibi tí àwọn ìyá ńlá wa ti wá. Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ṣe tán láti máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, láìgba owó. Ìwé àti kálàmù ni a ń bèèrè, àti kí Baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé rẹ̀ kí wọ́n lè gbà wá láyè.